Òórùn Ògì Lára Eku Funfun

Ìbídàpọ̀ kò lè gba òórùn mọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí mò ń wí, ẹ lọ bi àwọn tí wọ́n bímọ ní agboolé wọn ní Igbogílà láti ọdún gbọọrọ yìí wá. Òun ló wẹ ìyá, òun ló wẹ ọmọ, díẹ̀ ló sì máa ń kù kó bó ọmọ náà láwọ. Wọ́n gbà pé ọmọ tí Ìbídàpọ̀ bá fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ lọ́jọ́ tó délé ayé, abíyá rẹ̀ kò ní rùn títí ọjọ́ alẹ́. Ọmọ tí wọn kò bá wẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà, ẹ ti mọ̀ ọ́n, òun ni gbogbo ènìyàn ń sá fún nínú mọ́tò.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń dárà: obìnrin yìí kan náà ló lọ gbaṣẹ́ ìtọ́jú eku. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí oko ẹ̀gẹ́ sì di ohun tí eegun rẹ̀ kò gbé mọ́, ẹnì kan júwe rẹ̀ fún wọn ní ibi ìwádìí kan tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn Ayétòrò, lọ́nà Ìmẹ̀kọ, pé obìnrin yìí mọ́ tónítóní, ó sì ti sin ehoro rí. Ní ilẹ̀ Yewa wa yìí, eku tó bá ko ènìyàn lóko, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ tààrà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní kó mú èyí tó bá sanra bọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó ní kí wọ́n panu mọ́, pé eku tó ń sùn lábẹ́ fáànù nígbà tí àwọn ń làágùn kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni Dókítà Roheemat, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, obìnrin tín-ín-rín kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í jẹun àfi bí àwọn eku rẹ̀ bá ti jẹun. Ó kéré sí Ìbídàpọ̀ lọ́jọ́ orí dáadáa, Màmá ló sì ń pè é. Ṣùgbọ́n Ìbídàpọ̀ náà kò fi ọjọ́ orí pè é lórúkọ rí. Dókítà ló ń pè é, “ẹ̀yin” ló sì máa ń bá a sọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòroó sọ, ojú ló ń tini láti sọ ọ́. Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, inú ojú ara obìnrin ló fẹ́ràn láti máa gbé. Ọkọ lè kó o fún ìyàwó, ìyàwó lè kó o fún ọkọ, ọkọ sì lè máà mọ̀ rárá pé òun gbé e dání. Ara obìnrin náà á máa yún un, omi tó ń rùn á máa dà lára rẹ̀, bó bá sì lóyún, ọmọ náà lè wá sílẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n Dókítà ní àwọn kòkòrò mìíràn tún wà tí wọ́n jẹ́ ẹni rere, tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ bí aṣọ́nà. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀, ó máa ń ṣòro fún kòkòrò burúkú láti ríbi jókòó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ni òun fẹ́ mọ̀, kí wọ́n lè fi wọ́n ṣe oògùn lọ́jọ́ kan. A kò sì lè kọ́kọ́ dán an wò lára ọmọ ọlọ́mọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ eku. Ara eku kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì láti ìpilẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún abo eku ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí inú rẹ̀ fara jọ ti obìnrin tó tó bímọ, wọ́n á wá gbin àwọn aṣọ́nà sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kòkòrò burúkú tẹ̀ lé e, wọ́n á sì máa wò ó.

Ìbídàpọ̀ gbọ́, ó mi orí, kò sì gba ẹyọ kan gbọ́. Kòkòrò rere kẹ̀? Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé, èyí tí òun mọ̀ nìyẹn. Kòkòrò tó bá ti wà lára ènìyàn, kí omi gbígbóná pàdé rẹ̀ ni. Ó ń gbálẹ̀ rẹ̀, ó ń fún eku lóúnjẹ, ó fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ fún àwọn oníwèé.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an kò sí ní ibi ìwádìí náà, Igbogílà ló wà. Ìdùnnúolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó fẹ́ Mùnírù tó ń ta láfún lọ sí ìhà Kétu, ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àkọ́kọ́ wálẹ̀ nínú oṣù keje, ó mí díẹ̀, ó dákẹ́. Èkejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbídàpọ̀ ló wẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n tó lọ sin wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe fúyẹ́. Oyún kẹta yìí ti ń sún mọ́ oṣù tí àwọn yòókù fi lọ. Bí èyí náà bá lọ, kò mọ ojú tí òun yóò fi wo ọmọ òun.

Ó sì ń ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tí Ìdùnnú ti ń ráhùn pé ara ń yún òun, pé nǹkan ń dà lára òun, ìyá rẹ̀ ti ń se omi fún un: álọ́ọ̀mù, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ewé díẹ̀ tí òun nìkan mọ̀. Kó fi fọ inú ara rẹ̀ láàárọ̀, kó tún fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn ìyá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ìyàwó tuntun, fún abiyamọ, fún ẹni tí nǹkan bá ń ṣe. Bí ọmọ náà bá ti fọ̀ ọ́, á rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, á tún padà wá, Ìbídàpọ̀ á sì fi álọ́ọ̀mù kún un. Kò sọ fún Dókítà. Ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ ojú ara ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́?

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti Èkó, àwọn tó ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Dókítà ti gbin àwọn aṣọ́nà sára eku inú àgò méjì tí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé sàmì sí. Àgò kẹta, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí, kò ní aṣọ́nà kankan. Dókítà lọ sí Ìlaròó fún ìpàdé, ó ní bí òun bá dé lọ́jọ́ Ajé, òun yóò fi kòkòrò burúkú sára gbogbo wọn. Ó fi ilé lé Ìbídàpọ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìbídàpọ̀ wọlé lọ pààrọ̀ èérún pákó inú àgò. Bó ti ṣí àgò aláwọ̀ ewé kìíní báyìí, imú rẹ̀ ta á lólobó. Òórùn kan wà lára àwọn eku yìí. Ẹlòmíràn kò ní gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n imú Ìbídàpọ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ó kan díẹ̀, bí omi orí ògì tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àlejò Èkó yóò wá wọ ibí, yóò sì gbọ́ òórùn yìí? Wọn á ní ará Yewa kò mọ́. Wọn á ní ọ̀lẹ ni obìnrin tó ń tọ́jú wọn. Rárá o. Ó gbé kẹ́tùlù kaná. Ó mú álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ tó fẹ́ gbé lọ fún Ìdùnnú jáde nínú báàgì rẹ̀, ó se omi náà, ó jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì mú ike tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ tí wọ́n fi ń fún nǹkan sí eku lábẹ́. Ó ti wo Dókítà tó ń ṣe é títí, ọwọ́ tirẹ̀ gan-an tún fúyẹ́ jù ú lọ. Ó wẹ gbogbo eku àgò náà, inú àti ìta, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá ọmọ tuntun sọ ọ́, pé pẹ̀lẹ́, ó ti tán, ẹni mímọ́ ni wá. Ó bọ́ sórí àgò kejì. Èyí tó kọ́kọ́ mú níbẹ̀ bù ú níka jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ìbídàpọ̀ ní ó dáa, kí wọ́n máa rùn nígbà náà, ọmọ aláìgbọràn. Ó ti àgò náà, ó lọ wá aṣọ di ọwọ́ rẹ̀.

Dókítà dé, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Àwọn àlejò dé, wọ́n yin ìmọ́tótó ibẹ̀, orí Ìbídàpọ̀ wú. Wọ́n lọ.

Nígbà tó tó àkókò, Dókítà fa omi díẹ̀ lára eku kọ̀ọ̀kan, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àgò pupa kún fún kòkòrò burúkú, bó ṣe rò ó nìyẹn. Àgò aláwọ̀ ewé kejì, kòkòrò burúkú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, bó ṣe rò ó náà nìyẹn. Àgò aláwọ̀ ewé kìíní ló dà á lójú rú, nítorí ó kún fọ́fọ́ bíi ti pupa. Inú ìgò kan náà ló sì ti bu aṣọ́nà fún àgò méjèèjì, lọ́jọ́ kan náà. Ó tún un wò, nǹkan kan náà ló rí. Obìnrin náà fọwọ́ lẹ́rán. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tutù síwájú rẹ̀. Ó wá sọ fún Ìbídàpọ̀, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé bóyá ìtàn lásán ni òun ti ń tò jọ láti ọjọ́ yìí, pé aṣọ́nà tó ń ṣọ́ ilé kan tí kò ṣọ́ ilé kejì, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe oògùn?

Àánú rẹ̀ ṣe Ìbídàpọ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

“Ẹ má banú jẹ́, Dókítà,” ó ní. “Àwọn ti àgò kìíní yẹn ló mọ́ jù nínú ilé yìí. Èmi fúnra mi ni mo wẹ̀ wọ́n.”

Dókítà gbé orí sókè. “Ẹ wẹ̀ wọ́n? Níbo lára wọn?”

Ìbídàpọ̀ ò fi nǹkan kan pa mọ́, kí ló fẹ́ fi pa mọ́ nínú oore? Ó ròyìn omi tó sè, ó ròyìn álọ́ọ̀mù, ó ròyìn ike tẹ́ẹ́rẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Dókítà ń yí padà, títí Ìbídàpọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dókítà dìde. Kò pariwo, ìbá sì sàn kó pariwo. Ó ní Màmá ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́. Ó ní ta ló rán wọn níṣẹ́. Ó jáde lọ síta, ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó kẹ̀yìn sí ilé. Ìbídàpọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú tì í, inú sì ń bí i pẹ̀lú, nítorí láti ọjọ́ tó ti dáyé, ẹnì kankan kò tíì bá a wí rí pé ó wẹ nǹkan.

Àfi bí Dókítà ṣe yí padà wìì. Ó ní, “Àgò kejì ńkọ́, Màmá? Ẹ wẹ ìyẹn náà?”

Ìbídàpọ̀ na ìka rẹ̀ tí wọ́n bù jẹ sí i. Ó ní wọn ò jẹ́ kí òun wẹ̀ wọ́n.

Dókítà di ìka náà mú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró lójijì. Ó ní a jẹ́ pé aṣọ́nà kò kùnà, omi Màmá ló lé wọn lọ ní àgò kìíní. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun wọlé.

Gbogbo ìgbà tí Ìbídàpọ̀ ti ń nu tábìlì tí ẹ̀rọ awò náà wà lórí rẹ̀, kò fi ojú sí i rí. Bó bá fọ́ ńkọ́? Dókítà fà á jókòó sídìí rẹ̀, ó ní kó di ojú kan, kó fi èkejì wò ó. Ìpéǹpéjú ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà yí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ là.

Ó ní àgò kejì nìyí, ti àwọn tó bu Màmá jẹ. Àwọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná ló wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ lọ jàra, wọ́n sùn ti ara wọn, ọ̀kan ń gorí èkejì, wọn kò sá, wọn kò jà. Àwọn aṣọ́nà nìyẹn. Dókítà yọ gíláàsì pẹlẹbẹ náà, ó fi ti àgò kìíní, tí Ìbídàpọ̀ wẹ̀, rọ́pò rẹ̀. Igi ìṣáná ti tán níbẹ̀, àfi ọ̀kan tàbí méjì tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nǹkan mìíràn ló gba ibẹ̀. Ó rí bí èso kajú, ó ní irun ṣókí lórí, ó ń ta gìrì, ó ń yí, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ra ilẹ̀ síbẹ̀. Ìbídàpọ̀ fa orí sẹ́yìn. Ó fi ojú lásán wo gíláàsì náà. Omi lásán ni, ẹ̀kán kan tí kò tó omijé, ó mọ́ gaara. Ó tún fi ojú sí ẹ̀rọ. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń jó.

“Wọ́n wà láàyè,” ó ní.

“Wọ́n wà láàyè, Màmá.”

Ẹ̀rù bà á. Ìyanu wá bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀, kò sì lè gbé ojú kúrò níbẹ̀ mọ́. Òun tó ti wẹ ara ènìyàn láti ọjọ́ yìí wá, tó rò pé kò sí ibi tí òun kò mọ̀ lára obìnrin, kò mọ̀ pé ará ilé wà nínú ilé! Ta ló fi wọ́n síbẹ̀? Ta ló ń bọ́ wọn? Ọmọbìnrin á dàgbà, á lọ́kọ, á bímọ, àwọn wọ̀nyí á dúró sẹ́nu ọ̀nà tọ̀sán tòru, kò sẹ́ni tó kí wọn kú iṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n wí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ Dókítà ohun ìjà tí wọ́n fi ń jà. Dókítà ní kíkan tí imú Màmá gbọ́ yẹn ni. Àwọn ló ń ṣe é, kòkòrò burúkú kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ṣé Màmá rí ògì, bó ṣe jẹ́ pé kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́? Ó ní ìbátan àwọn tó ń mú ògì kan ni àwọn aṣọ́nà yìí, ìran kan náà ni wọ́n.

Ìbídàpọ̀ ti ń rẹ ọkà ògì láti kékeré. Ó ti ń bá wọn gbé nínú ìkòkò, ó ń mu wọ́n láàárọ̀, kò mọ̀ wọ́n. Ó rọra gbé ọwọ́ lé àyà.

Dókítà tún sọ pé kí wọ́n má tíì yọ̀. Àgò kan kò tó ẹ̀rí, eku kì í sì í ṣe ènìyàn. Òun yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ètò. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe òní ni àwọn oníṣègùn ti ń kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má máa fọ inú ara wọn, pé ara mọ bó ṣe ń fọ ara rẹ̀, pé fífọ náà ń lé àwọn rere lọ. Ìbídàpọ̀ kò gbọ́ ìyókù. Ó ti gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Dókítà, bó bá jẹ́ ènìyàn ló ń fi omi yìí fọ inú ńkọ́? Ènìyàn tó lóyún?”

“Ta ni, Màmá?”

“Ọmọ mi ni. Èmi ni mò ń se omi náà fún un.”

Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. Ó béèrè bí ara ọmọ náà ṣe rí, Ìbídàpọ̀ sì ròyìn ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ti yíyún, ti omi tó ń rùn, ti ọmọ méjì tó lọ. Dókítà ní a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó mú àwọn yẹn lọ nìyẹn, ohun tó ń mú oyún wálẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kí omi náà dúró lónìí yìí. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kòkòrò náà bá wà níbẹ̀, oògùn rẹ̀ wà tí dókítà lè fún aboyún. Kí ọkọ náà lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún kó o padà fún un.

Ìbídàpọ̀ kò dúró bọ́ aṣọ iṣẹ́. Lórí ọ̀kadà lọ sí Igbogílà, ó ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó yára, bó bá yára tán, á ní kó rọra. Nígbà tó dé, Ìdùnnú wà lẹ́yìnkùlé, kẹ́tùlù wà lórí iná, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi etí ìró gbé kẹ́tùlù, ó da gbogbo omi náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó rí, láti orí igi ìṣáná dé orí kajú onírun. Ìdùnnú gbọ́ ọ tán. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

“Màmá,” ó ní, “ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fọ̀ ọ́.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dun ìyá rẹ̀ wọ eegun.

“Èmi ni,” Ìbídàpọ̀ dáhùn. Kò wá àwíjàre kankan. Àwọn méjèèjì sunkún níbẹ̀, ọmọ ló sì kọ́kọ́ nu ojú, tó nu ti ìyá.

Ní ọsibítù ní Ìlaròó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fún un lóògùn. Mùnírù ló kù. Ọmọ dáadáa ni Mùnírù, tó bá rí ìyá ìyàwó rẹ̀, gbalaja ló ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ni òun fẹ́ lo oògùn fún, nǹkan kan ò ṣe òun, ibì kankan ò yún òun. Ojúọlá, ìyá rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pòṣé, ó ní ayé ti bàjẹ́, eku ti di olùkọ́ ènìyàn. Ìbídàpọ̀ kò bá ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó bá a sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, ó gbé ìtìjú tì. Ó ní ọkọ lè gbé e dání kó má mọ̀. Ó ní òun fi ojú òun rí wọn, wọ́n ń jó. Mùnírù béèrè pé ṣé wọ́n ń jó ni? Ó ní wọ́n ń jó, Mùnírù, bí ẹni ń ṣe ọdún. Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó nawọ́ gba oògùn. Nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ Ìdùnnú wò, ara rẹ̀ ti mọ́.

Oṣù keje oyún náà wọlé. Ní oṣù yẹn gan-an ni Dókítà tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fi omi álọ́ọ̀mù wẹ àwọn eku kan, kí wọ́n fi omi lásán wẹ àwọn mìíràn, kí wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ láìwẹ̀. Ó fẹ́ kó rí gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, omi kan náà, ọwọ́ kan náà. Kò pàṣẹ fún Ìbídàpọ̀, ńṣe ló bẹ̀ ẹ́.

Ìbídàpọ̀ se omi náà. Lọ́jọ́ ìsáájú, orin ló ń kọ nígbà tó ń sè é. Lọ́jọ́ yìí, kò kọrin, nítorí ó ti mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe àti àwọn tí òun fẹ́ dà á lé lórí. Ó gbé eku àkọ́kọ́, ó gbóòórùn ògì lára rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, pé nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ó sì wẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tó bù ú jẹ, ó sì wù ú kí ọ̀kan bù ú jẹ.

Nígbà tí wọ́n wò ó, ohun tí wọ́n rí lẹ́ẹ̀kínní ni wọ́n tún rí. Níbi tí álọ́ọ̀mù ti kọjá, aṣọ́nà ti tán, kajú ń jó. Dókítà ní iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Ìbídàpọ̀ fi ojú sí ẹ̀rọ títí omijé fi bo gíláàsì, Dókítà sì rọra gbé e kúrò níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò ní gbogbo ìgbà náà. Bó bá ti dún, á rò pé ti oyún Ìdùnnú ni.

Fóònù dún nínú oṣù keje, iye láfún tí wọ́n gbé lọ sí Kétu ni Mùnírù fẹ́ sọ. Ó dún nínú oṣù kẹjọ, Ojúọlá ló ń béèrè aṣọ ọmọ. Oṣù kẹsàn-án wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kó tó dún bó ṣe yẹ kó dún.

Ìbídàpọ̀ bá wọn ní ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Igbogílà. Ọmọ ti dé, ọmọkùnrin, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ojúọlá ti dúró ti ibùsùn pẹ̀lú ọpọ́n, kànrìnkàn tuntun àti ọṣẹ dúdú, àwọn obìnrin agboolé méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń retí ọlọ́wọ́ ìwẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà lé Ìbídàpọ̀ lọ́wọ́. Ó wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ tí kò gbàgbé àwọn méjì tó fúyẹ́ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wúwo, ó sì jókòó. Ọ̀rá funfun ṣì wà lórí ọmọ náà àti lára ọrùn rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ara ìyá wà níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó kan díẹ̀, bí omi orí ògì.

Wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn aṣọ́nà ti padà wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti bá ọmọ náà jáde.

Ó dìde, ó dá ọmọ náà padà sáyà ìyá rẹ̀, ó sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Ó ní kí wọ́n gbé ọpọ́n kúrò, kó di ọ̀la. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní ohun tí òun náà ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ojúọlá kò gbé ọpọ́n.

“Ìyá Ìdùnnú, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa,” ó ní. “Bí a kò bá wẹ ọmọ yìí lónìí, yóò máa rùn títí ayé rẹ̀.”

“Kó máa rùn,” Ìbídàpọ̀ wí. “Kó rùn, kó dàgbà, kó gbé ìyàwó, kó máa rùn lọ.”

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì tún fi imú kan orí ọmọ tuntun náà.